Nígbà tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n: bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó ń fà á, àti bí ẹ ṣe lè máa bá a gbé

Kí ẹ tó wá oògùn ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ mọ ìgbà tó ń gbọ̀n. Bí wọ́n bá ní kí n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dúró mọ́, ohun tí màá sọ nìyẹn. Ní Ìlọrin níbí, bí wọ́n bá ti rí àgbàlagbà tí ṣíbí ń mì lọ́wọ́ rẹ̀ níbi yìgì tàbí ìsọmọlórúkọ, àwọn kan á ní ọtí ló ń mu ní kọ̀rọ̀, àwọn kan á ní ogbó ti dé, àwọn mìíràn á ní ayé ló fọwọ́ bà á. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ agbádá tàbí ìborùn. Nígbà tó bá yá, kò ní í lọ sóde mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìtìjú yẹn gan-an wà lára ohun tó ń mú kí ọwọ́ túbọ̀ gbọ̀n.

Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n rárá. Ẹ na ọwọ́ yín síwájú, kí ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lé e lórí, ẹ ó rí i pé etí bébà náà ń mì. Ohun tí à ń wádìí ni ìdí tí ti ẹnì kan fi pọ̀ débi pé omi ń dànù kó tó dé ẹnu.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ọwọ́ náà nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ pe ọmọ tàbí aya kan kó jókòó tì yín, torí ojú ẹlòmíràn máa ń rí ohun tí tiwa kò rí.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ẹ má fi ṣe nǹkan kan. Kí ẹ wá máa kàyé láti ọgọ́rùn-ún padà sẹ́yìn, sókè ketekete. Bí ọpọlọ bá ń ṣiṣẹ́ nídìí ìkàyé, gbígbọ̀n tó fara pamọ́ nígbà ìsinmi á jáde. Ẹ wò ó bóyá àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ń ra ara wọn bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà, àti bóyá ọwọ́ kan ṣoṣo ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú títí ẹ ó fi kàyé dé ọgbọ̀n. Ṣé ìgbà yìí ló bẹ̀rẹ̀, tàbí ìgbà yìí ni èyí tó ń gbọ̀n lórí itan rọlẹ̀?

Ìkẹta ni kí ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìka kan imú yín, kí ẹ tún fi kan ìka ẹni tó jókòó tì yín, lọ bọ̀ lọ bọ̀. Ẹ da omi láti inú ife kan sí òmíràn lórí abọ́ ńlá. Ẹ wá mú bíró, kí ẹ ya ìlà tó ń yípo láti àárín bọ̀ síta láìfi ọwọ́ ti bébà, kí ẹ sì kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ju bébà yìí nù. Bíró kan náà ni kí ẹ máa fi ya òmíràn lóṣooṣù. Dókítà tó bá rí mẹ́rin tàbí márùn-ún irú bébà bẹ́ẹ̀ á mọ ohun púpọ̀ kó tó béèrè ọ̀rọ̀ kankan.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó máa ń pẹ́ lára ni èyí tó ń jáde nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́: ẹ fẹ́ gbé ife, ẹ fẹ́ kọ̀wé, ẹ fẹ́ ki okùn bọ abẹ́rẹ́, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló sábà máa ń mú. Ó lè mú orí náà, kí orí máa mì bí ẹni tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí kí ohùn máa wárìrì. Ìwé tí ẹni náà bá kọ á tóbi, á sì ní ègún. Ó máa ń rìn nínú ìdílé: bí bàbá tàbí ìyá bá ní irú èyí tó jẹ́ àjogúnbá, ó ṣeé ṣe kí nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ ní in. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé bóyá ọwọ́ bàbá bàbá yín náà gbọ̀n. Kò ní ọtí nínú, kò sì ní ayé nínú.

Èyí tó ń jáde nígbà ìsinmi yàtọ̀. Ó sábà máa ń ti ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀. Ìrìn á falẹ̀, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, ọwọ́ apá kan kò ní í fì mọ́ bí ẹni náà bá ń rìn, ara á le, ìwé rẹ̀ á máa kéré sí i bó ṣe ń kọ ọ́ lọ. Ẹlòmíràn kò ní í gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́ ní ọdún mélòó kan kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àrùn Parkinson máa ń fara hàn báyìí. Dókítà ará London kan, James Parkinson, ló kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1817. Òun ni wọ́n rí lára Muhammad Ali ní 1984, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sílẹ̀. Àwọn tó wo ìdíje Òlíḿpíìkì ti Atlanta ní 1996 á rántí bó ṣe di iná mú tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n níwájú gbogbo ayé. Kò fi ọwọ́ náà pamọ́.

Mi ò ní kí ẹ fi àwọn àmì yìí dá ẹjọ́ ara yín o. Ìrísí méjèèjì lè pàdé lára ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè sọ fún dókítà pé "ó ń gbọ̀n bí mo bá mú nǹkan, kì í gbọ̀n lórí itan" ti ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ gidi.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé kékeré fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ ra ìwé ọmọ ilé-ìwé kan. Lẹ́yìn ìrun Àsùbá, lẹ́yìn Àyìlà, àti lẹ́yìn Ìṣáì, kí ẹ kọ bí ọwọ́ ṣe rí sílẹ̀: òdo bí kò bá gbọ̀n, mẹ́rin bí ẹ kò bá lè mu omi láìdà á nù. Ẹ wá kọ ohun tí ẹ jẹ, oògùn tí ẹ lò, bí ẹ ṣe sùn, àti bóyá inú bí yín tàbí ẹ sáré. Bí ọwọ́ bá burú jù fún yín láti kọ ọ́, ẹ sọ ọ́ sínú fóònù.

Ohun tí ẹ máa wá nínú ìwé náà rèé.

Obì ni màá kọ́kọ́ dárúkọ, torí pé àwa kì í kà á kún nǹkan. Gbàǹjà àti àbàtà ní èròjà tó wà nínú kọfí, tíì náà sì ní in. Àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ òru, àwọn awakọ̀ tó ń ná Ìlọrin sí Ọ̀fà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé mọ́jú, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́ tàbí kí wọ́n máa mu ohun mímu alágolo tó ń lé oorun lọ. Nǹkan bí wákàtí márùn-ún ni ìdajì èròjà yìí fi ń kúrò lára àgbàlagbà. Obì tí ẹ jẹ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣì ku ìdajì lára yín ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dín in kù, ẹ má ṣe já a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí orí fífọ́ á tẹ̀ lé e. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tí ìwé yín á sọ. Tábà àti áásáà náà wà níbẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń fẹ́ áásáà kì í rò ó pé ó kan ọwọ́, ó sì kàn án.

Ebi ni ìkejì. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ọwọ́ á gbọ̀n, àyà á máa lù, òógùn tútù á bo ara. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń lo insulin tàbí glibenclamide kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣeré. Bí ẹ̀rọ bá kà á sísàlẹ̀ 70 mg/dL, tàbí bí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí tí àmì rẹ̀ sì ti hàn, kí ó jẹ kóró ṣúgà mẹ́rin tàbí kí ó mu ìdajì ìgò kékeré mínírà tó ní ṣúgà. Kó dúró fún ìṣẹ́jú 15 kó tún ara yẹ̀ wò. Bí kò bá tíì gòkè, kó tún un ṣe, lẹ́yìn náà kó jẹun gidi. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má da nǹkan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì máa ń kó ebi, òǹgbẹ àti àìsùn pọ̀ sójú kan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ní gbogbo ọ̀sán ààwẹ̀, kó fi tíì tó ki àti kọfí sílẹ̀ nígbà sààrì, kó mu omi dáadáa, kó sì jẹ oúnjẹ tí kò ní í tètè dà. Ẹni tó ń lo oògùn, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí oṣù tó wọlé lórí bí wọ́n ṣe máa yí àkókò oògùn padà. Al-Qur'an, nínú Sura Al-Baqarah, ẹsẹ 184 àti 185, ti fún aláìsàn láyè láti san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìlera rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ nítorí ohun tí aládùúgbò máa sọ.

Àìsùn, àárẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn gúnyán tàbí tó gbé ẹrù wúwo, òtútù ọyẹ́, ìbínú: ẹ ó rí wọn nínú ìwé náà, kò gba àlàyé púpọ̀. Èyí tó gba àlàyé ni kí èèyàn máa wò yín. Ọwọ́ tó dúró jẹ́ẹ́ nílé lè máa gbọ̀n gan-an bí akọ̀wé báǹkì bá ní kí ẹ buwọ́ lùwé. Kì í ṣe àfọwọ́fà. Ìbẹ̀rù ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ọkàn sáré tó sì ń mú iṣan gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ọtí, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọtí díẹ̀ máa ń mú gbígbọ̀n àjogúnbá yẹn rọlẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n bó bá ti kúrò lára, ọwọ́ á burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn kan ti ń di ọ̀mùtí. Ẹ má fi ṣe oògùn. Ẹni tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, tó sì fẹ́ jáwọ́, kó lọ sí ilé ìwòsàn kó tó já a, torí jíjá a lójijì lè mú gìrì wá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ da àpò oògùn yín sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó ń gbọ̀n, inú ike oògùn ni ìdí rẹ̀ wà. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde, àti ti kẹ́mísìtì, àti àgbo inú ìgò, àti ìpara.

Salbutamol tí àwọn alásímà ń fà símú máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n fún wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó. Aminophylline ń ṣe bẹ́ẹ̀, prednisolone náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Sodium valproate tí wọ́n ń lò fún wárápá, lithium, àti amitriptyline wà níbẹ̀. Oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine pẹ̀lú. Àwọn kan tún wà tó ń mú ara le, tí ọwọ́ á sì máa gbọ̀n bíi ti àrùn Parkinson: haloperidol, chlorpromazine, metoclopramide tí wọ́n ń fúnni fún èébì, àti cinnarizine tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ń rà fúnra wọn nítorí òòyì. Bí èèyàn bá dá irú ìwọ̀nyí dúró, ó lè gba oṣù púpọ̀ kí ara tó padà sípò.

Ẹ má torí èyí da oògùn wárápá tàbí ásímà nù. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó kọ ọ́ fún yín, kí ẹ bi í léèrè bóyá ìwọ̀n rẹ̀ ṣe é dín, tàbí òmíràn wà.

Ìpara ìbóra ńkọ́? Àwọn kan nínú wọn ní mẹ́kúrì, mẹ́kúrì sì ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́. Gbígbọ̀n ọwọ́ wà lára àmì tó kọ́kọ́ ń fi hàn. Bí ìpara náà kò bá ní orúkọ èròjà lára, ẹ gbé e kúrò nílé. Wẹ́dà tó ti ń fa èéfín símú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti àgbẹ̀ tó ń fọ́n oògùn kòkòrò láìbo imú, kí wọ́n sọ iṣẹ́ wọn fún dókítà láìdúró kó béèrè.

Ohun kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí ó yẹ ká mọ̀. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà kọ̀wé nípa àìsàn kan ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà tó ń jáde nígbà òjò, tí ara èèyàn á ṣàdéédé máa gbọ̀n, tí kò sì ní í lè rìn tààrà mọ́. Wọ́n wádìí rẹ̀ títí wọ́n fi rí i pé kòkòrò sísun kan tí àwọn èèyàn ń jẹ ló fà á, ìyẹn Anaphe, ẹbí kòkòrò tí wọ́n ń ti ìtẹ́ rẹ̀ ran òwú sányán. Ó ní èròjà kan tó ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara, pàápàá lára ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ nìkan ló fi ń jẹ ẹ́. Fítámì B1 náà ni wọ́n fi ń wò ó, wọ́n sì ń gbádùn. Ẹni tó bá ti jẹ kòkòrò bẹ́ẹ̀, kó dárúkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wèrèpè. Òótọ́ ni pé kóró rẹ̀ ní levodopa, èròjà kan náà tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn Parkinson. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi ojú wọn iye tó wà nínú kóró kan, ó sì lè da ọkàn rú tàbí kó mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ má sè é mu.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ilé ìwòsàn

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró kọ ìwé ọ̀sẹ̀ méjì. Bí gbígbọ̀n bá dé lójijì, tí ẹnu wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ kò já geere mọ́, rọpárọsẹ̀ lè ni. Ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orí ni wọ́n gbá, tàbí ara gbóná tí ọkàn sì dàrú, ọ̀rọ̀ ojú ẹsẹ̀ ni.

Fún àwọn yòókù, ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà ìjọba tó súnmọ́ yín, bóyá ní Òmù-Àrán ni o, ní Ọ̀fà ni o, tàbí ní ìgboro Ìlọrin. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa gba ìwé tó máa gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, UITH, tó wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání, àwọn bébà tí ẹ ya ìlà sí, àti àpò oògùn.

Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹṣẹ́ tírọ́ìdì tó wà lọ́rùn, pàápàá bí ẹ bá ń rù láìfi oúnjẹ sílẹ̀, tí ooru ń mú yín ju àwọn ẹlòmíràn lọ, tí ọkàn ń sáré, yálà gẹ̀gẹ̀ hàn lọ́rùn tàbí kò hàn. Gbígbọ̀n tó bá ti ibẹ̀ wá máa ń lọ bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀. Wọ́n tún lè wo ṣúgà, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún, wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bàbà (copper) ló ń kó jọ sí i lára. Fún gbígbọ̀n àjogúnbá àti fún àrùn Parkinson, ojú àti ọwọ́ dókítà ló sábà máa ń rí i, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí wọn kò bá ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò olówó ńlá.

Propranolol ni oògùn tí wọ́n sábà ń fi bẹ̀rẹ̀ fún èyí tó ń jáde nígbà iṣẹ́. Ó ń dín in kù, kì í mú un kúrò pátápátá, kì í sì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Alásímà kò gbọ́dọ̀ lò ó. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ó lè bo àmì tó ń sọ pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ má já a lójijì, ẹ má sì fún aládùúgbò nínú tiyín. Òmíràn ni primidone, tó lè mú òòyì wá ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n bá fún ní levodopa, kó lò ó ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ, torí ẹran, ẹ̀wà àti wàrà máa ń dènà rẹ̀ láti wọ ara.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: oúnjẹ, omi, aṣọ, iṣẹ́

Ọwọ́ tó bá ti nǹkan máa ń dúró ju èyí tó wà lófìfo lọ. Ẹ lẹ ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara, tàbí kí ẹ gbé e lé tábìlì, kí ẹ tó gbé ohunkóhun sẹ́nu. Oúnjẹ tí a ń jẹ lórí àpótí kékeré nílẹ̀ jìnnà sẹ́nu. Ẹ gbé àwo sórí tábìlì tó ga dé àyà. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ rẹ̀ kó má yọ̀. Abọ́ tó jinnú dára ju àwo pẹlẹbẹ lọ, torí ẹ lè fi òkèlè gbá etí rẹ̀ kí ọbẹ̀ ṣẹ́ sílẹ̀. Ọbẹ̀ tó ki rọrùn ju èyí tó ṣàn lọ.

Ife tó ní ìdérí àti sítírọ́ọ̀ kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ bu omi dé ìdajì ife tó wúwo, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Fún àlùwàlá, ẹ jókòó, kí ẹ lo bútà kékeré tí omi rẹ̀ kò kún, tàbí ẹ̀rọ omi. Omi gbígbóná àti epo tó ń hó ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láìjanpata. Ẹni tó ń ro àmàlà, kí ẹnì kan bá a di ìkòkò mú.

Bùbá àti ṣòkòtò onírọ́bà kò ní bọ́tìnnì, oore ńlá nìyẹn. Ní ti ìwé kíkọ, ẹ wá bíró tó nípọn, tàbí kí ẹ wé aṣọ mọ́ èyí tó tín-ínrín. Ẹ tẹ ẹ̀rọ fóònù tó ń fi ohùn kọ̀wé. Ní báǹkì, ẹ béèrè bóyá ẹ lè tẹ ìka dípò ìbuwọ́lùwé, kí ẹ ṣe é kí ọ̀rọ̀ owó kánjúkánjú tó dé.

Ẹni tó ń hun aṣọ òfì, tó ń mọ ìkòkò ní Òkèlele, tàbí tó ń ránṣọ, kó má fi iṣẹ́ sílẹ̀ kíákíá. Kó fi iṣẹ́ tó fẹ́ ìfarabalẹ̀ sí wákàtí tí ìwé kékeré fi hàn pé ọwọ́ dúró jù, kó sì fi èyí tó gba agbára sí ìparí ọjọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè

"Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n, àìsàn iṣan ni, ẹ má bẹ̀rù." Ẹ fi gbólóhùn yìí ṣáájú ní báǹkì, ní yìgì, níwájú POS. Bí wọ́n bá ti mọ̀, ìwòkuwò á dín kù, ìbẹ̀rù yín á dín kù, ọwọ́ náà á sì fara balẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má máa gba nǹkan lọ́wọ́ Bàbá tàbí Ìyá kí wọ́n tó béèrè. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Ẹ má sì máa sọ pé "ẹ fara balẹ̀", torí kì í ṣe àìfarabalẹ̀ ló fà á.

Bí gbígbọ̀n tó wà nínú ìdílé bá jẹ́ ti àjogúnbá, ó lè hàn lára ọmọ kékeré. Bí ìwé ọmọ bá ń ní ègún lára wàláà tàbí nínú ìwé ilé-ìwé, ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni. Ẹ lọ bá Àáfáà tàbí tíṣà rẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé, kí wọ́n fún un ní àkókò púpọ̀ sí i, kí wọ́n sì gbà á láyè láti ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè nígbà tí ọwọ́ bá kọ̀.